Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ẹ̀kọ́ Lára Àwọn Ayàwòrán Etíkun Tí Wọ́n Ṣáájú Monet

Ó ti di àṣà nínú ìwé ayẹyẹ bí irú èyí pé kí a máa ka orúkọ àwọn tí wọ́n ti inú ilé ẹ̀kọ́ jáde tí wọ́n sì di olókìkí. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà béèrè: ta ni ó kọ́ olókìkí náà ní ohun tí ó sọ ọ́ di olókìkí, kí sì ni olùkọ́ náà fún un gan-an? Mo fẹ́ kí a gbé ìbéèrè yìí yẹ̀ wò nínú ìtàn iṣẹ́ ọnà kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti ilẹ̀ Faransé láàárín 1820 sí 1874.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti gbọ́ orúkọ Claude Monet. Ní oṣù kẹrin ọdún 1874, ní ìlú Paris, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìpàtẹ àwòrán tiwọn, wọn kò dúró de ìgbìmọ̀ tí ń yan àwòrán fún ìpàtẹ ńlá tí a ń pè ní Salon. Monet gbé àwòrán kan síbẹ̀ tí ó fi èbúté Le Havre hàn nínú kùrukùru òwúrọ̀, tí oòrùn pupa kékeré kan ń yọ lókè omi. Ó pe àkọlé rẹ̀ ní Impression, soleil levant, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ohun tí yíyọ oòrùn náà tẹ̀ sí òun lójú àti lọ́kàn ni òun yà. Akọ̀wé ìwé ìròyìn kan, Louis Leroy, fi àkọlé náà ṣe yẹ̀yẹ́. Láti inú yẹ̀yẹ́ rẹ̀ ni orúkọ Impressionism ti gbilẹ̀. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìgbà náà ni àwọn ayàwòrán kọ́kọ́ gbé ọ̀dà jáde kúrò nínú ilé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó tó àádọ́ta ọdún ṣáájú ìpàtẹ náà tí àwọn kan ti ń jókòó lórí iyanrìn, nínú afẹ́fẹ́ àti òjò, tí wọ́n ń kọ́ ojú wọn láti rí òkun bí ó ti rí. Wọn kò pariwo. Àwọn ni àròkọ yìí dá lé lórí.

Àwòrán tí a ń yà nínú yàrá

Kí a tó lè mọ rírì ohun tí wọ́n ṣe, ó yẹ kí a mọ àṣà tí wọ́n bá nílẹ̀. Ní Paris, àwọn àgbà iṣẹ́ ọnà ti to àwòrán ní ipò ní ipò. Àwòrán ìtàn ni ó wà lókè pátápátá: ogun, àwọn ọba, àwọn akọni Gíríìsì àti Róòmù, àti ìtàn inú Bíbélì. Àwòrán igi, omi àti òkè wà nísàlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí a ka àwòrán ilẹ̀ àti omi sí iṣẹ́ gidi, ó ní láti fi akọni àtijọ́ kan tàbí àwókù tẹ́ḿpìlì sínú rẹ̀, kí ó to àwọn igi rẹ̀ bí ọgbọ́n orí ti fẹ́, kí ó sì kun ún ní dídán títí a kò fi ní rí ipa búrọ́ọ̀ṣì mọ́. Ní 1817, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún ayàwòrán ilẹ̀ ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ láti lọ sí Róòmù, àwòrán ilẹ̀ tí ó ní ìtàn nínú ni wọ́n ní kí àwọn olùdíje yà.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò jáde rárá. Pierre-Henri de Valenciennes, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ya àwòrán kéékèèké lábẹ́ sánmà Róòmù ṣáájú 1800. Ní 1800 ó tẹ ìwé ẹ̀kọ́ kan jáde, nínú èyí tí ó ti gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú pé kí wọ́n má ṣe lò ju wákàtí méjì lọ lórí irú àwòrán bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kì í dúró de ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ ìyọ oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n ń yà, kí ó má ṣe kọjá ààbọ̀ wákàtí. Ìmọ̀ràn ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n Valenciennes kò gbé àwòrán kéékèèké wọ̀nyẹn lọ sí ìpàtẹ. Inú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ni ó kó wọn sí, gẹ́gẹ́ bí oníwàásù ti ń kó ìwé pélébé tí ó kọ kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí pamọ́. Ìwàásù ni ìjọ yóò gbọ́. Ìwé pélébé kò kan ìjọ. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀, tí a yà kíákíá ní ìta láti fi ṣe ìrántí, ni a ó máa pè ní àwòrán àkọ́yà nínú àròkọ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ìtàn yìí dúró lé.

Ohun tí òkun ń béèrè

Nínú gbogbo ibi tí ayàwòrán lè jókòó sí, etíkun ni ó ṣòro jù lọ. Igi kì í rìn, òkè kì í ṣí nípò, ṣùgbọ́n òkun kì í sinmi. Ìgbì tí a ń wò ti fọ́ kí búrọ́ọ̀ṣì tó kan ìwé. Ní etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti àríwá Faransé, omi ń kún ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tí ó fi jẹ́ pé ibi tí ọkọ̀ ti ń léfòó ní òwúrọ̀ lè di ilẹ̀ iyanrìn kí ọ̀sán tó pọ́n. Afẹ́fẹ́ ń gbé iyanrìn lé ọ̀dà tútù. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, òkun kò ní àwọ̀ kan pàtó tí a lè há sórí. Bí sánmà bá ṣú, òkun a ṣú; bí àwọsánmà bá là, òkun a tàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ láti ya sánmà, sánmà kò sì ní jókòó fún un.

Ìṣòro ohun èlò tún wà pẹ̀lú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ń di ọ̀dà olóròóró sí. Ayàwòrán yóò lu ihò sí i lára, yóò tẹ ìwọ̀nba ọ̀dà tí ó fẹ́ jáde, yóò sì wá nǹkan fi dí ihò náà. Àpò náà a máa bẹ́, ọ̀dà inú rẹ̀ a sì máa gbẹ. Ní 1841 ni John Goffe Rand, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà tí ń gbé ní London, gba ìwé àṣẹ fún tíúùbù tánńganran tí a lè tẹ̀ kí a sì dé padà, irú èyí tí a fi ń ta ọṣẹ ìfọyín fún wa. Ọ̀dà wá di ohun tí a lè sọ sínú àpò kí a gbé dé ibikíbi. Ọkọ̀ ojú irin tí ó so Paris mọ́ Le Havre ní 1847 sì tún mú etíkun súnmọ́ àwọn ará ìlú ńlá.

Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń sọ pé tíúùbù ni ó bí Impressionism. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí òtítọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Ọkùnrin tí mo fẹ́ kọ́kọ́ dárúkọ ti kú kí Rand tó gba ìwé àṣẹ rẹ̀, síbẹ̀ ó ti ya òjò lórí òkun níbi tí òjò náà gbé ń rọ̀. Ohun èlò a máa ran ìfẹ́ lọ́wọ́. Kì í bí i.

Constable ní Brighton

A bí John Constable ní 1776 ní abúlé East Bergholt, ní ìhà ìlà oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá rẹ̀ ní ọlọ tí wọ́n fi ń lọ àlìkámà, odò àti pápá ni ọmọ náà sì mọ̀. Kì í ṣe ará etíkun. Àìsàn aya rẹ̀ ni ó gbé e dé òkun. Ọdún méje ni òun àti Maria Bicknell fi dúró de ara wọn kí wọ́n tó lè ṣe ìgbéyàwó ní 1816, nítorí pé àwọn ẹbí obìnrin náà kò fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn tán, ikọ́ ẹ̀gbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Maria run. Àwọn ènìyàn ìgbà náà gbà pé afẹ́fẹ́ òkun dára fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, nítorí náà ní 1824 Constable mú aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Brighton, láti ìgbà náà títí di 1828 ni ó sì ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín London àti etíkun náà.

Kò fẹ́ràn ìlú náà. Àwọn ọlọ́rọ̀ kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ariwo àti afẹ́ ni ó rí. Ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ fún ayàwòrán bí kò ṣe ìgbì òkun àti sánmà, ṣùgbọ́n pé àwọn méjèèjì lẹ́wà, wọ́n sì ń yí padà ní gbogbo ìgbà. Èyí tí ó rí yìí tó o. Ó ń gbé àpótí ọ̀dà rẹ̀ lọ sí etíkun, ó ń fi ìwé sí inú ìdérí rẹ̀, ó sì ń ya òkun lórí ìwé tí kò tóbi ju ojú ewé ìwé ńlá kan lọ. Lẹ́yìn púpọ̀ nínú wọn ni ó ti kọ ọjọ́ àti bí ojú ọjọ́ ti rí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ àṣà yìí ní Hampstead, lẹ́bàá London, ní 1821 àti 1822, nígbà tí ó ń ya àwọsánmà nìkan, tí ó ń kọ wákàtí àti ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sẹ́yìn wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn ti Brighton ni a mọ̀ sí Rainstorm over the Sea. Ìlà òkun kan wà nísàlẹ̀; lókè rẹ̀, òjò dúdú ń já bọ̀ láti inú àwọsánmà. Constable kò fi sùúrù to ẹ̀kán òjò. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì fa ọ̀dà dúdú wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gẹ́gẹ́ bí òjò tìkára rẹ̀ ti wálẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí òjò tí ń bọ̀ láti ojú òkun yóò mọ̀ pé òtítọ́ ni.

Síbẹ̀, èyí kọ́ ni ó gbé lọ sí ìpàtẹ. Àwòrán ńlá tí ó fi afárá Chain Pier ti Brighton hàn, tí ó parí dáradára, ni ó pàtẹ ní London ní 1827. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1828, Maria kú. Constable tìkára rẹ̀ kú ní 1837, inú ilé rẹ̀ ni àwọn àkọ́yà òkun náà sì wà. Ní 1888, Isabel, ọmọ rẹ̀ obìnrin, fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn ta àwọn ilé iṣẹ́ ọnà ìlú London lọ́rẹ. Ẹ wo ọdún náà: ó ti di ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn ìpàtẹ Monet kí gbogbo ènìyàn tó láǹfààní láti rí ohun tí ọkọ aláìsàn kan ti rí ní etíkun Brighton ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Ọmọ awakọ̀ ojú omi

Ọdún 1824 tí Constable kọ́kọ́ kó ẹbí rẹ̀ lọ sí Brighton ni wọ́n pàtẹ àwòrán ńlá rẹ̀, The Hay Wain, ní Salon ti Paris, tí ó sì gba àmì ẹ̀yẹ wúrà. Ọdún kan náà, ní ọjọ́ 12 oṣù keje, ní ìlú èbúté Honfleur ní òdìkejì òkun náà, ni a bí Eugène Boudin.

Atukọ̀ ni bàbá rẹ̀, ọmọdé náà sì ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Kí ó tó mọ orúkọ ayàwòrán kan ni ó ti mọ orúkọ afẹ́fẹ́. Ní 1835 ẹbí náà kó lọ sí Le Havre. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́mọkùnrin, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ ṣí ilé ìtajà kan tí wọ́n ti ń ta ìwé àti tádà, tí wọ́n sì ń ṣe férémù àwòrán. Àwọn ayàwòrán tí wọ́n bá wá sí etíkun a máa gbé iṣẹ́ wọn wá síbẹ̀, Jean-François Millet wà lára wọn. Boudin ń ṣe férémù fún iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn títí ọwọ́ tirẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó fi ìṣòwò sílẹ̀. Ní 1851 ìlú Le Havre fún un ní owó ìrànwọ́ láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Paris fún ọdún mẹ́ta.

Ojú tí ó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kí ó bẹ̀rù. Paris kò mú un gbàgbé Honfleur. Ó padà sí etíkun, ó ń gbé ní ilé àlejò kan lórí òkè lẹ́yìn ìlú náà, èyí tí a ń pè ní Saint-Siméon, níbi tí àwọn ayàwòrán ti ń jẹun tí wọ́n sì ń sùn ní owó pọ́ọ́kú lọ́dọ̀ ìyá onílé kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Toutain. Ní ojoojúmọ́ ni ó ń jáde lọ ya sánmà. Ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ tí a ń pè ní pásítẹ̀lì ni ó sábà ń lò, nítorí kò nílò omi tàbí òróró, kò sì ní gbígbẹ nínú. Sí ara àwòrán kọ̀ọ̀kan ni ó ń kọ ọjọ́, wákàtí, àti irú afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́. Àwọn àkọ́yà Brighton ṣì wà nínú ilé àwọn ọmọ Constable nígbà náà. Síbẹ̀ ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Òkun kan náà ni ó kọ́ wọn.

Ní 1859, Charles Baudelaire, akéwì tí ìyá rẹ̀ ń gbé ní Honfleur, rí àwọn pásítẹ̀lì wọ̀nyí nínú yàrá Boudin. Nínú àròkọ tí ó kọ lórí ìpàtẹ Salon ti ọdún náà, ó sọ pé bí a bá fi ọwọ́ bo ohun tí Boudin kọ sí etí wọn, a ó ṣì lè mọ ìgbà tí ó jẹ́ nínú ọdún, wákàtí tí ó jẹ́, àti afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́. Ìyìn ńlá ni èyí jẹ́. Ṣùgbọ́n Baudelaire fi kún un pé Boudin tìkára rẹ̀ mọ̀ pé ìwé ìrántí ni wọ́n, wọn kì í ṣe àwòrán tí ó parí. Àní ẹni tí ó fẹ́ràn wọn jù lọ kò tíì gbà pé àkọ́yà lè dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́.

Boudin gbọ́dọ̀ jẹun. Láti ìgbà tí 1860 ti kọjá díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn ọlọ́rọ̀ tí wọ́n ń wá gba afẹ́fẹ́ ní etíkun Trouville: àwọn obìnrin nínú aṣọ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn ọkùnrin onífìlà gíga, lórí àga nínú iyanrìn. Ọkọ̀ ojú irin dé Trouville ní 1863, èrò sì pọ̀ sí i. Ẹ wo àwọn àwòrán wọ̀nyí dáradára: àwọn ènìyàn kò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ nísàlẹ̀, sánmà ni ó gba gbogbo ìyókù. Ní 1867 ó ti ọ̀dọ̀ àwọn tálákà agbègbè Brittany dé, ojú sì tì í. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé etíkun Trouville tí òun fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ wá dà bí eré agbójú tí kò lẹ́wà. Lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, ó tún ọ̀rọ̀ náà rò. Ó kọ̀wé pé àwọn ará ìlú tí ń rìn lọ síbi ìwọ̀ oòrùn náà ní ẹ̀tọ́ sí ìmọ́lẹ̀ tí ó bà lé wọn, àti pé wọ́n ń sinmi nínú làálàá tiwọn náà ni. Mo mọ rírì ìwà yìí púpọ̀. Kò pọ́n ọlọ́rọ̀ lé, kò sì kórìíra rẹ̀. Ó ya ìmọ́lẹ̀ tí ó bà lé e.

Ọ̀dọ́mọkùnrin aláwòrán ẹ̀fẹ̀

Ní nǹkan bí 1858, nínú fèrèsé ilé ìtajà férémù kan ní Le Havre, wọ́n gbé oríṣi àwòrán méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àwòrán òkun ti Boudin ni ọ̀kan. Èkejì ni àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi orí ńlá àti imú gígùn ya àwọn ènìyàn ìlú. Claude Monet ni. Ìyá rẹ̀ ti kú ní 1857. Àwọn ará ìlú ń san owó gidi fún ẹ̀fẹ̀ rẹ̀, ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun mọṣẹ́. Àwòrán Boudin kò wù ú rárá, kò sì fẹ́ kí a mú òun mọ ọkùnrin náà.

Nígbà tí wọ́n pàdé níkẹyìn, Boudin kò bú àwòrán ẹ̀fẹ̀ náà. Ó yìn ín, ó sì sọ fún un pé kò yẹ kí ó dúró síbẹ̀. Ó pè é kí àwọn jọ jáde lọ yàwòrán. Ọmọ náà ń wá àwáwí. Boudin sì ń pè é síbẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó gbà láti lọ, Boudin gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Monet ń wò ó. Nígbà tí Monet dàgbà, ó sọ pé ńṣe ni ó dà bí ẹni pé a ya ìbòjú kúrò lójú òun, àti pé bí òun bá di ayàwòrán, Boudin ni òun jẹ ní gbèsè rẹ̀. Ní ọdún 1858 yẹn kan náà ni Monet pàtẹ àwòrán ilẹ̀ kan tí ó yà ní Rouelles, nítòsí Le Havre.

Bàbá Monet bẹ ìlú Le Havre pé kí wọ́n fún ọmọ òun ní owó ìrànwọ́ irú èyí tí wọ́n fún Boudin. Ìlú kọ̀. Ọmọ náà lọ sí Paris ní 1859 láìsí i. Ní 1862 ó tún pàdé olùkọ́ kejì ní etíkun kan náà: Johan Barthold Jongkind, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, tí a bí ní 1819. Jongkind ń fi ọ̀dà olómi ya èbúté àti ọkọ̀ ní ìta, lẹ́yìn náà ni yóò padà sí yàrá láti fi ọ̀dà olóròóró ya àwòrán ńlá. Ọtí àti àìbalẹ̀ ọkàn ti ba ayé rẹ̀ jẹ́. Ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ nítòsí Grenoble ni ó kú sí ní 1891. Síbẹ̀ Monet jẹ́rìí sí i pé òun ni ó parí ẹ̀kọ́ tí Boudin bẹ̀rẹ̀, pé òun ni ó kọ́ ojú òun tán. Ẹ kíyè sí i pé Monet kò sọ pé ọwọ́ òun ni wọ́n kọ́. Ojú ni.

Nígbà tí àkọ́yà di iṣẹ́

Kí wá ni ó yí padà ní 1874? Kì í ṣe jíjáde síta, nítorí Valenciennes ti jáde. Kì í ṣe kíkọ wákàtí àti afẹ́fẹ́ sílẹ̀, nítorí Constable àti Boudin ti ṣe é. Ohun tí ó yí padà ni pé Monet gbé irú àwòrán tí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ń fi pamọ́ jáde, ó fi férémù sí i, ó fọwọ́ sí i, ó sì ní iṣẹ́ òun nìyí. Àwọn tí ó bínú kò ṣìnà nínú ohun tí wọ́n rí. Àkọ́yà ni wọ́n rí lóòótọ́. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé nínú àkọ́yà ni òtítọ́ ti ń gbé fún àádọ́ta ọdún. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Àwòrán ńlá inú yàrá ni ìròyìn. Ìwé kékeré tí iyanrìn lẹ̀ mọ́ ni àfojúbà.

Boudin náà gbé àwòrán wá sí ìpàtẹ 1874. Ó kù díẹ̀ kí ó pé ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà, láàárín àwọn tí ó tó ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀. Kò bá wọn jà fún orúkọ. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní etíkun títí ó fi kú ní Deauville, lẹ́bàá òkun, ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1898. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Louis arákùnrin rẹ̀ kó àwọn àkọ́yà rẹ̀ tí ó lé ní 200 fún ilé iṣẹ́ ọnà ìlú Le Havre. Ìlú tí ó ti ran ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́wọ́ ní 1851 wá di ibi tí gbogbo ayé ń lọ láti wo àwọsánmà rẹ̀.

Ohun tí ó kàn wá

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a mú lọ sílé.

Èkínní, iṣẹ́ olùkọ́ ni láti la ojú. Boudin kò fún Monet ní ìwé ẹ̀rí, kò sì kọ́ ọ bí yóò ti ya àwòrán bí ti Boudin. Ó ṣiṣẹ́ níṣojú rẹ̀, ọmọ náà sì rí i. Bí a bá ń dá àwọn olùkọ́ wa àtijọ́ lọ́lá lọ́dún ayẹyẹ yìí, ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn tí kò sí orúkọ wọn lára ògiri, ṣùgbọ́n tí a kò lè wo ewé igi, ìlà èdè tàbí ìṣirò kan mọ́ láìṣe pé ojú wọn ni a fi ń wò ó.

Èkejì, kí a má ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àkọ́yà àwọn ọmọ wa. Ohun tí ọmọ fà sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ lè dà bí ìfàkókòṣòfò, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀fẹ̀ Monet ti lè rí lójú ẹni tí ń wá iṣẹ́ gidi. Boudin yìn ín ná, lẹ́yìn náà ni ó pè é síwájú. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gàn kò ní rí ọmọ náà bá jáde lọ sí etíkun.

Ẹ̀kẹta, àìrí owó ìrànwọ́ kì í ṣe òpin, rírí i kì í sì ṣe àṣeyọrí. Ìlú kan náà fún ọ̀kan, ó sì kọ̀ fún èkejì. Àwọn méjèèjì di ẹni tí ìlú náà ń fi yangàn lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí èyí mú ọwọ́ wa rọ lórí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ wa lè dá sílẹ̀. Èyí tí wọ́n fún Boudin padà sọ́dọ̀ ìlú rẹ̀ ní ìlọ́po púpọ̀, nípasẹ̀ ọmọ mìíràn tí ìlú náà kò tilẹ̀ ràn lọ́wọ́.

Ìbéèrè fún àròjinlẹ̀ nínú ilé

1. Nínú Constable, Boudin àti Monet, ta ni ẹ rò pé ó ṣe iṣẹ́ tí ó ṣòro jù lọ, kí sì ni ìdí rẹ̀?

2. Kí ni ó fa á tí Constable fi àwọn àkọ́yà Brighton pamọ́? Ǹjẹ́ ohun kan wà nínú iṣẹ́ tiyín tí ẹ ń fi pamọ́ nítorí pé ẹ rò pé kò parí?

3. Ẹ mú ọmọ kan nínú ilé jáde ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹ wo sánmà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́, wákàtí àti ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ní wákàtí kan náà, ẹ tún un ṣe. Ẹ bi ọmọ náà léèrè ohun tí ó yí padà. Ó ṣeé ṣe kí ó rí ju yín lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yìn ín, kí ẹ sì tún pè é jáde lọ́jọ́ kẹta.